Ọgbà ẹ̀bá títì tó di ààtàn: àkọsílẹ̀ láti ilẹ̀ Yàgbà

Ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ wà ní ilẹ̀ Yàgbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi, lójú ọ̀nà tó ti Ìlọrin bọ̀, tó gba Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú àti Mọ̀pà lọ sí Kàbà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó fún mi láyè láti kọ ọ́ ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà yẹn dáadáa yóò gbà pé ìlú tó lè jẹ́ kò kéré. Àwọn wolé-wolé àti àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí àwọn ni wọ́n máa ń ké sí nígbà tí ẹ̀bá títì bá ti bàjẹ́ tán.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Ilẹ̀ kan wà ní àbáwọlé ìlú náà. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú gbà á lọ́wọ́ ẹbí tó ni ín, wọ́n gbin máńgòrò, mẹlíná àti dongoyárò sí i, wọ́n sì mọ bẹ́ǹṣì símẹ́ǹtì sábẹ́ wọn. Èrò wọn ni pé kí àlejò rí ibi tó tura kó tó wọ ìlú, kí àwọn ọmọ ìlú tó ń ti Àbújá àti Èkó wálé ní Kérésìmesì sì ríbi kóra jọ sí. Igi dàgbà, ibòòji rẹ̀ fẹ̀, ibẹ̀ sì máa ń tutù lọ́sàn-án gangan.

Ibòòji náà ló pe ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Àbújá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níbẹ̀ kí èrò lè nasẹ̀. Tírélà tó ń lọ kó símẹ́ǹtì ní Obajana náà ń dúró. Ọkọ̀ ló pe ọjà: àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀pà sísè, ọsàn bíbó, àgbàdo lásìkò rẹ̀, kajú lásìkò tirẹ̀, wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, àti píọ̀ wọ́tà tí àwọn ọmọdé ń gbé sáré tẹ̀lé fèrèsé ọkọ̀. Kò pẹ́ tí ojú ilẹ̀ ọgbà náà kò fi ṣeé rí mọ́. Ọ̀rá ló bò ó, àti ike, àti páálí oúnjẹ.

Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ọgbà náà. Ó ń gba inú ihò tí àwọn tó la títì ṣe sábẹ́ ọ̀nà kọjá sí òdìkejì, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà. Gbogbo ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá gbé, inú odò yẹn ló ń kó sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò sẹ́ni tó kà á sí. Àkọ́rọ̀ òjò ọdún kan ló tú u síta. Ihò náà dí pa, omi kò rọ́nà lọ, ó gòkè bo títì, ó ya wọ inú kíláàsì, ó sì gbé tábìlì àwọn aláàkàrà lọ. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ fi ọkọ́ àti igi gígùn tú ihò náà, ohun tí wọ́n fà jáde kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀. Ọ̀rá ni, ó ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹní, àdá ni wọ́n fi gé e kó tó ṣeé fà. Láàárín oṣù kan náà, àgbẹ̀ kan pa ewúrẹ́ rẹ̀ tó ń wú tí kò jẹun mọ́, ó sì bá ọ̀rá nínú àpòlúkù rẹ̀.

Ti ẹ̀fọn tún wà níbẹ̀. Àwọn agolo àti ike tí omi òjò dúró sí ni irú ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kiri fẹ́ràn láti yé sí. Kì í ṣe kòtò ẹlẹ́rọ̀fọ̀ ló ń wá. Ní ọdún 2017 tí àìsàn yẹn jáde ní Kwara, ẹnu ibodè wa gan-an, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gbé kalẹ̀ nígbà náà dé apá kan ní Kogi pẹ̀lú. Àwọn nọ́ọ̀sì dísípẹ́ńsárì ìlú náà kò gbàgbé rẹ̀. Àwọn ló kọ́kọ́ ń sọ ní ìpàdé pé ọ̀rọ̀ ọgbà yìí kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà.

Ìgbálẹ̀, ìtanràn, dúrọ́ọ̀mù

Ohun tí ìlú náà kọ́kọ́ ṣe ni èyí tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n lu agogo pé kí tọmọdé tàgbà jáde ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ọjọ́ ìmọ́tótó tó ti wà láti ìgbà ìjọba ológun ní àárín àwọn ọdún 1980. Wọ́n jáde lóòótọ́. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wọn, gbogbo wọn ṣa ọ̀rá títí ojú ilẹ̀ fi hàn. Wọ́n kó o jọ sẹ́yìn ọgbà, wọ́n sì dáná sun ún. Èéfín dúdú náà wọ kíláàsì àti dísípẹ́ńsárì títí di alẹ́. Ohun tó ṣẹ́kù ni ògúlùtu dúdú tó yọ́ mọ́ iyẹ̀pẹ̀, tí ọkọ́ kò lè hú. Kí ọjà tó ná lẹ́ẹ̀kejì, ọgbà ti padà sí bó ṣe wà.

Jíjáde wọn dára, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Ohun tí kò sí ni ètò ọjọ́ kejì. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń dúró, oṣooṣù ni ìmọ́tótó ń wáyé, kò sì sẹ́nì kankan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbá ibẹ̀ láàárín méjèèjì.

Ìpàdé tó tẹ̀lé e gbóná. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn arìnrìn-àjò ló ń ba ibẹ̀ jẹ́, àjèjì tí kò ní í padà wá wo ohun tó ṣe. Wọ́n gbé pátákó kalẹ̀ pé ẹni tó bá da ilẹ̀ síbẹ̀ yóò san owó ìtanràn, wọ́n sì ní kí àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀ṣọ́ máa ṣọ́ ọ. Kò sí rìsíìtì, kò sí iye kan pàtó. Iye tí ọ̀dọ́ tó bá wà níbẹ̀ rò pé awakọ̀ lè san ló ń pè.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì kan tó kó ẹbí kan lọ síbi ìsìnkú dúró. Ọmọ kékeré kan ju ọ̀rá omi gba ojú fèrèsé, àwọn ọ̀dọ́ sì yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Àwọn àgbà sọ̀kalẹ̀ wọ́n bẹ̀bẹ̀. Ìyá ọmọ náà sọ̀kalẹ̀, ó ṣa ọ̀rá tí ọmọ rẹ̀ jù, ó tún ṣa ti ẹlòmíràn mọ́ ọn. Wọn kò gbà. Ó di igbe, ó di ìjà, ó dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ awakọ̀. Nígbà tó ṣe, bọ́ọ̀sì kò dúró níbẹ̀ mọ́. Ìlú tó wà níwájú ni wọ́n ń lọ dúró sí.

Àwọn obìnrin tó ń tajà lábẹ́ igi ló kó ara wọn lọ sí ààfin. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ìyá aláàkàrà kan, ló kúnlẹ̀ sọ̀rọ̀: “Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. A ò sọ pé ìdọ̀tí dára. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí àwọn ọmọ wa lé lọ yẹn, òun la fi ń rán ọmọ níléèwé. Kí wọ́n tó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè, àwa tá a wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́.”

Kábíyèsí ní kí àwọn ọ̀dọ́ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ ń padà díẹ̀díẹ̀, pàǹtírí náà sì ń bá a padà. Bí mo bá ń sọ ìtàn yìí fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni mo máa ń dúró lé lórí jù, nítorí wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ láìpe àwọn tó mọ ọgbà náà jù lọ sí i. Ó sì tún pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó lọ bi wọ́n.

Dúrọ́ọ̀mù ìdalẹ̀sí ló kàn. Ọmọ ìlú kan tó ń gbé Àbújá ló fi wọ́n ránṣẹ́. Wọ́n kùn wọ́n, wọ́n sì tò wọ́n sí igun ọgbà kí wọ́n má bàa ba ojú ibi tí ènìyàn ń jókòó jẹ́. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ láti inú bọ́ọ̀sì, tí awakọ̀ ti ń fọn fèrè pé kó máa bọ̀, kò ní rìn lọ sí igun ọgbà nítorí ọ̀rá kan. Ní ọdún 2013, Wesley Schultz, onímọ̀ nípa ìṣesí ènìyàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ju nǹkan nù ní ibi 130 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 17 nínú 100 ohun tí wọ́n jù nù ló bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àti pé bí ohun ìdalẹ̀sí bá ṣe jìnnà sí ènìyàn tó ni dídà sílẹ̀ ń pọ̀ sí i tó. Lábẹ́ máńgòrò tiwa, ẹsẹ̀ mélòó kan péré ti tó láti sọ dúrọ́ọ̀mù di ohun ọ̀ṣọ́.

Èyí tó súnmọ́ àwọn ọlọ́jà nìkan ló ń kún, kò sì sẹ́ni tó ń dà á nù. Ewúrẹ́ ń fa ohun inú rẹ̀ jáde. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọ́, nítorí Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní Àfikún Kẹrin rẹ̀, ka kíkó pàǹtírí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọkọ̀ wá kó o lẹ́ẹ̀kan, kò tún wá mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan da ohun inú dúrọ́ọ̀mù kan sílẹ̀, ó gbé dúrọ́ọ̀mù náà lọ. Àwọn yòókù tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó jókòó wò ó

Wọ́n gbé wolé-wolé tuntun wá sí dísípẹ́ńsárì náà, obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ọmọ Ìjùmú. Nígbà tí ẹgbẹ́ ní kó wá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ìtanràn, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀ ná. Ó lọ bá ìyá aláàkàrà yẹn, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyé, ẹ gbà mí láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, mo fẹ́ wo bí ọjà ṣe ń lọ.” Ìyá ní kó fa àpótí jókòó. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, ó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Lálẹ́, ó ní kí àwọn ọmọ tó ń ta omi bá òun gbá ohun tó wà nílẹ̀ jọ sórí tapólìn kan, ó sì pín in sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lójú gbogbo wọn.

Ohun tí tapólìn yẹn fi hàn kọ́ ni ohun tí ìpàdé ti gbà gbọ́. Púpọ̀ nínú pàǹtírí náà kò tọwọ́ èrò ọkọ̀ jáde rárá. Èèpo ọsàn, ewé mọ́ínmọ́ín, èèpo ẹ̀pà, gbogbo ìyẹn wá láti orí tábìlì àwọn ọlọ́jà. Èyí tó gba ààyè jù ni ọ̀rá ńlá, àpò tí wọ́n fi ń di ogún píọ̀ wọ́tà pọ̀. Ọmọ tó ń ta omi á fi eyín ya á, á kó omi sínú báàfù, á ju àpò náà sẹ́yìn, á sì sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Òun gan-an kò mọ̀ pé òun jù ú.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó kíyè sí. Kí ènìyàn tó mu píọ̀ wọ́tà, ó gbọ́dọ̀ fi eyín gé igun rẹ̀, kó sì tu igun yẹn dànù. Igun náà kò tó èékánná ọwọ́. Ẹni tó tilẹ̀ mú ọ̀rá rẹ̀ lọ sílé ti tu igun rẹ̀ sílẹ̀ kó tó mu omi. Ọwọ́ kò lè ṣa á, réèkì kò lè kó o, omi òjò ló ń gbé e lọ kó sí ẹnu ihò abẹ́ títì. Nígbà tí wọ́n gbọn tapólìn náà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kún fún àwọn igun kékeré yìí, wọ́n mọ́lẹ̀ gbòò lójú fìtílà.

Ó tún wo ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì. Kí ló dé tí èrò fi ń ju ọ̀rá síta? Ọ̀rá tí wọ́n mu tán tutù. Bí èrò bá gbé e lé itan, aṣọ á rin. Bó bá jù ú sábẹ́ àga, kọ̀ńdọ́ á pariwo pé kò gbọdọ̀ dọ̀tí ọkọ̀ òun. Ojú fèrèsé nìkan ló ṣí sílẹ̀ fún un. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìwàásù lórí bí àwa ènìyàn dúdú kò ṣe fẹ́ràn ìmọ́tótó, ó sì máa ń dùn mí, nítorí ọ̀pọ̀ èrò tó ń ju nǹkan gba ojú fèrèsé ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí inú ọkọ̀ tí wọ́n jókòó sí lè mọ́ ni.

Àdéhùn abẹ́ àtíbàbà

Wolé-wolé náà kọ̀ kí wọ́n ṣe ìpàdé ní ààfin. Abẹ́ àtíbàbà àwọn aláàkàrà ló pè é sí, lẹ́yìn tí ọjà tú, kí àwọn ọlọ́jà lè wà ní ilé wọn, kí àwọn olóyè sì jẹ́ àlejò. Ó tẹ́ tapólìn náà sáàárín wọn, kò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Ìyálọ́jà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó tọ́ka sí àwọn àpò ńlá náà, ó ní, “Tiwa nìyí o.” Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n máa wí ohun tí wọ́n máa ṣe.

Wọ́n gbà pé ibi tí òjìji agboòrùn ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan bá dé lọ́sàn-án ni ilẹ̀ tirẹ̀, òun ló máa gbá a. Àpò ìrẹsì kan á máa so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀, ní ibi tí ọwọ́ oníbàárà lè kàn án láìrìn. Ewé àti èèpo á wà lọ́tọ̀ fún ewúrẹ́ àti fún oko. Àwọn ọmọ tó ń ta omi á fi abẹ gé igun píọ̀ kí wọ́n tó nà án sí oníbàárà tó bá fẹ́ mu ún lójú ẹsẹ̀, igun náà á sì wà nínú agolo kan lára báàfù. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà fúnra rẹ̀ mú wá. Ó ní àpò ńlá tí àwọn ń jù nù yẹn, kí àwọn máa fi kọ́ inú bọ́ọ̀sì. Ó gba omi dúró, ó fẹ̀, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ó di pé bí bọ́ọ̀sì bá ti dúró, ọmọ olómi á na àpò kan sí kọ̀ńdọ́ kó tó ta ohunkóhun, kọ̀ńdọ́ á sì so ó mọ́ irin ẹ̀yìn àga. Àwọn kọ̀ńdọ́ gbà á láìjanpata. Kò sẹ́ni tó bu wọ́n lówó, wọn kò sì ní láti pariwo mọ́ èrò mọ́.

Ti gbígbá ilẹ̀ fa àríyànjiyàn. Àwọn olóyè fẹ́ kí àwọn ọmọ iléèwé máa gbá àárín ọgbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyálọ́jà ní rárá, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ti gbé wọn débi tí wọ́n wà. Wọ́n gba ìyá kan tí agbára oko ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbá ibẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bá ti kọjá lọ́sàn-án. Àwọn ọlọ́jà ń dá owó fún un lọ́jọ́ ọjà, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè sì ń fi tirẹ̀ kún un lóṣù. Nígbà kan tí owó ẹgbẹ́ pẹ́, ìyá náà gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo ìlú sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Owó kò pẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, wolé-wolé ní dandan ni kí ọgbà kọ́kọ́ mọ́ tónítóní. Robert Cialdini, òun náà onímọ̀ nípa ìṣesí ènìyàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi èyí hàn ní ọdún 1990 níbi ìgbọ́kọ̀sí kan ní Amẹ́ríkà: ẹni tó bá ilẹ̀ ní dídọ̀tí máa ń ju ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ju ẹni tó bá a ní mímọ́ lọ. Àwọn tó jáde ní ìmọ́tótó àkọ́kọ́ tún jáde, inú wọn sì dùn sí i ju ti tẹ́lẹ̀, nítorí lọ́tẹ̀ yìí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń gbá a sílẹ̀ dè. Wọn kò sun ún.

Ibi tí pàǹtírí ń lọ

Bí a bá ti kó ọ̀rá sínú àpò, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ike omi àti ike kóòkì kò ṣòro. Oníbọ́là kan tó ń ra irin kiri láti Lọ́kọ́ja gbà láti máa kó wọn. Ọ̀rá píọ̀ ló yọ wọ́n lẹ́nu. Ó ṣeé tà lóòótọ́, wọ́n máa ń fọ̀ ọ́, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á sì fi ṣe ọ̀rá mìíràn, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, owó ọkọ̀ á jẹ owó rẹ̀ tán bí kò bá pọ̀. Èyí tí iyẹ̀pẹ̀ bá wà lára rẹ̀, oníbọ́là kì í gbà á. Àwọn obìnrin náà ń sá a sórí òrùlé páànù títí yóò fi gbẹ, wọ́n ń gbọn ún, wọ́n sì ń kì í mọ́ àpò títí á fi le. Ní ìgbà òjò ètò yìí ń dẹnu kọlẹ̀, àpò á kàn máa kóra jọ sínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọn kò lò mọ́.

Ike fóòmù tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí kò lẹ́ni tó ń rà á níbikíbi nítòsí. Ìyá aláàkàrà padà sí ewé, ó ní àkàrà kì í ṣe oúnjẹ inú ike tẹ́lẹ̀. Àwọn oníyán kò rọ́nà gbé e gbà, mi ò sì lè bá wọn wí, ọbẹ̀ kò ṣeé fi ewé di fún ẹni tó wà nínú ọkọ̀.

Kérésìmesì

Ìdánwò tó le jù tọwọ́ àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn wá. Ní oṣù Kejìlá, àwọn tó wálé kó ayẹyẹ sí ọgbà náà: ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ìpàdé ẹbí. Abọ́ ike, ife ike, ìgò, ọ̀rá súfúníà, àsíá tó já. Ìyá tó ń gbálẹ̀ dé ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó wò ó, ó sì lọ sílé akọ̀wé ẹgbẹ́. Ó ní òun kò lè gbá a, èyí kò sí nínú owó òun. Àwọn tó gbé pátákó ìtanràn kalẹ̀ nígbà kan wà lára àwọn tó ṣayẹyẹ náà.

Akọ̀wé kò bò ó mọ́lẹ̀. Ní ìpàdé gbogbogbò ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ó ní kí wọ́n kó ìpàdé náà kúrò ní gbọ̀ngàn wá sí ọgbà kí wọ́n tó gbá a. Wọ́n dúró sáàárín rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi lélẹ̀ pé ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lo ọgbà á kọ́kọ́ fi owó gbígbá lé Ìyálọ́jà lọ́wọ́, kì í ṣe ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, kí ọ̀rọ̀ ojúsàájú má bàa wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gbá ibẹ̀ fúnra rẹ̀ á gba owó rẹ̀ padà. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé ètò náà ti fìdí múlẹ̀, nítorí ó ti mú ẹni tó ṣe é.

Ohun tó kù

Nǹkan kan kò tíì yanjú. Àpò tí kọ̀ńdọ́ ń so mọ́ inú bọ́ọ̀sì, níbo ló ń dà á sí? Ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà máa ń dá a padà sí ọgbà. Èyí tó ń lọ tààrà sí Àbújá kì í padà. Kò pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àpò ọ̀rá tó dì kún ń pọ̀ nínú igbó níbi kọ́ọ̀nà kan níwájú ìlú, kọ̀ńdọ́ á kàn sọ ọ́ sílẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń dẹwọ́. Ó rọrùn láti ṣa ju ọ̀rá tó fọ́n ká lọ, ìyá tó ń gbálẹ̀ sì ń lọ kó o pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó ní ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n inú oko ẹlòmíràn ni. Wọ́n ti bá ẹgbẹ́ awakọ̀ ní páàkì Kàbà sọ̀rọ̀ kí dúrọ́ọ̀mù kan wà níbẹ̀ fún irú àpò bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà láti gbé e síbẹ̀. Ẹni tí yóò máa dà á nù ni wọn kò tíì fẹnu kò lé lórí. Láìsí ìyẹn, dúrọ́ọ̀mù Kàbà á ṣe bí ti igun ọgbà.

Fún wolé-wolé tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ níbòmíràn, yálà ní Bùnú, ní Ìjùmú tàbí lẹ́bàá odò ní Lọ́kọ́ja, mo rọ̀ yín kí ẹ má mú àpò inú bọ́ọ̀sì lọ kí ẹ fi tapólìn sílẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ níbi tiyín lè má jẹ́ ọ̀rá omi. Lẹ́bàá odò, ó lè jẹ́ àwọ̀n ẹja tó ya. Ní ẹnu ọ̀nà iléèwé, ọ̀rá bisikíìtì ni. Ẹ da á sílẹ̀ lójú àwọn tó ń jẹun níbẹ̀, kí wọ́n fúnra wọn tọ́ka sí èyí tó jẹ́ tiwọn, kí ẹ sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń tọ́ka. Ẹ wá owó ẹni tó máa gbálẹ̀ kí ẹ tó wá owó dúrọ́ọ̀mù. Àwọn ọ̀dọ́ tó lágbára wúlò, ṣùgbọ́n ẹnu ihò abẹ́ títì ni kí ẹ rán wọn lọ, ní oṣù Kẹta, kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, kí wọ́n mú ìgbálẹ̀ ọwọ́ mọ́ ọkọ́ dání, nítorí àwọn igun kékeré yẹn kò ní jẹ́ kí ọkọ́ kó wọn.